Ta Ló Yára Jù Nínú NT àti Samba?

Ní oṣù kẹrin ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ aṣèdánwò kan ní Amẹ́ríkà, Mindcraft, gbé èsì kan jáde tó dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn oníkọ̀ǹpútà. Wọ́n ní bó bá di ọ̀rọ̀ ká pín fáìlì fún àwọn kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì, Windows NT ti Microsoft fi ìlọ́po méjì àbọ̀ yára ju Linux, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, tó ń lo sọ́fítíwíà Samba lọ. Ìwé èsì náà kò fi pamọ́ pé Microsoft ló sanwó iṣẹ́ ọ̀hún. Ohun tó wá bí àwọn ará Linux nínú ni pé inú yàrá ìdánwò Microsoft fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, láìsí aṣojú wọn níbẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ìjà náà ti pẹ́ ju ọdún yẹn lọ. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn ọ́fíìsì ti ń so kọ̀ǹpútà orí tábìlì mọ́ra, kí akọ̀wé àti oníṣirò owó lè máa ṣí fáìlì kan náà láti orí sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì fún gbogbo wọn. Novell, ilé-iṣẹ́ kan ní Utah, ló kọ́kọ́ jẹ gàba lórí ọjà yìí pẹ̀lú sọ́fítíwíà rẹ̀, NetWare. Microsoft gbé NT jáde ní 1993 láti gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí sáfà bá ń falẹ̀, iṣẹ́ gbogbo ọ́fíìsì ló ń falẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà fi ń lo NetBench, sọ́fítíwíà ìdánwò ti Ziff-Davis. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà á máa bèèrè fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa fi kún iye wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa wo ibi tí agbára sáfà máa mọ.

Samba kò ti ilé-iṣẹ́ ńlá kankan wá. Ní ìparí 1991, Andrew Tridgell, akẹ́kọ̀ọ́ ní Australian National University ní Canberra, fẹ́ kí kọ̀ǹpútà DOS rẹ̀ máa rí fáìlì tó wà lórí ẹ̀rọ Unix. Kò sí ìwé ìtọ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Ńṣe ló ń ṣọ́ ohun tó ń gba orí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, títí ó fi mọ bí àwọn ẹ̀rọ náà ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó sì kọ sọ́fítíwíà tó ń dá wọn lóhùn. Ó fi síta lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó fi di 1999, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ àlòkù kan lè fi Linux àti Samba sí i kó di sáfà, láìsan kọ́bọ̀. Microsoft ní tirẹ̀ ń gbowó lórí sáfà, ó sì tún ń gbà á lórí àwọn kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ lò ó.

Ẹ wá wo ẹ̀rọ tí Mindcraft lò: Dell PowerEdge tó ní ọpọlọ Xeon mẹ́rin àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́rin. (Ọ́fíìsì mélòó ló ní irú rẹ̀ nígbà náà?) NT mọ bí a ṣe ń yan káàdì kọ̀ọ̀kan fún ọpọlọ kọ̀ọ̀kan. Linux 2.2 kò mọ̀ ọ́n: bí ọpọlọ kan bá ti ń ṣe iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ńṣe ló ti ilẹ̀kùn mọ́ra, àwọn mẹ́ta yòókù á dúró síta títí yóò fi ṣe tán. Ẹni tó yan ẹ̀rọ yẹn ti yan ẹni tó máa borí.

Síbẹ̀, èsì náà kì í ṣe irọ́. Wọ́n tún ìdánwò ṣe ní oṣù kẹfà ní yàrá ìdánwò ìwé ìròyìn PC Week, àwọn onímọ̀ láti Red Hat, ilé-iṣẹ́ Linux kan, sì wà níbẹ̀ láti tún Linux ṣe bó ṣe yẹ. NT tún borí. Ìwé ìròyìn c't ti Jámánì ṣe ìdánwò tirẹ̀ lórí fífi ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ dípò fáìlì ọ́fíìsì, ó rí i pé bó bá jẹ́ káàdì kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀rọ, Linux kò gbẹ́yìn. Bí káàdì bá di méjì ni NT ń yọrí.

Àwọn tó pàdánù ló wá jèrè jù. Linux 2.4 jáde ní oṣù kìíní 2001, ọpọlọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì lè máa ṣe iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀ láìdúró de ara wọn. Kí ọdún náà tó parí, ìwé ìròyìn PC Magazine fi Samba àti Windows 2000, arọ́pò NT, wé ara wọn. Samba ló ṣíwájú. Ká sọ tòótọ́, Microsoft ló fowó ara rẹ̀ ṣàyẹ̀wò àìsàn fún ẹni tó ń bá a du ọjà.

Ohun tó kù nígbà náà ni ìlànà tí Windows fi ń bá àwọn ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀, tí àwọn ará Samba ṣì ń fi ọgbọ́n orí wá. Ìgbìmọ̀ Yúróòpù dá Microsoft lẹ́bi ní 2004 nítorí pé ó fi ìlànà yìí pamọ́, ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹsàn-án 2007. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, àjọ kan tó ń ṣojú wọn san 10,000 yúrò, Microsoft sì kó ìwé ìlànà náà lé wọn lọ́wọ́.