Alábòójútó Ohun Tí Kì í Ṣe Tirẹ̀

Ajé gúnlẹ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ àdúgbò ńlá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté Àpápá, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń kó ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi ni ó ti fi Ajégúnlẹ̀ ṣe ibùgbé. Lójoojúmọ́ ni ọrọ̀ ń kọjá lójú wọn. Ọrọ̀ èbúté náà kì í ṣe tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àwọn ọ̀gá tí ń pàṣẹ fún wọn. Ti gbogbo orílẹ̀-èdè ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ti àwọn ènìyàn díẹ̀ tí a máa ń yàn sínú ìgbìmọ̀ láti bójú tó irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀, àti ewu tí ó wà níbẹ̀ bí alábòójútó bá ní ire ti ara rẹ̀ nínú ohun kan náà tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Àwọn kan a máa wí pé òyìnbó ni ó mú ẹ̀kọ́ yìí wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Àpápá fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí mi.

Ní ọdún 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Àpápá. Ìdílé Olúwa ni ó ni ilẹ̀ náà, olórí wọn nígbà náà sì ni Olóyè Àmọ́dù Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun tí ó ni ilẹ̀ Èkó. Ìjọba wí pé olóyè kò ní ju ẹ̀tọ́ ìṣàkóso lọ lórí ilẹ̀ náà, nítorí náà owó tí ó tọ́ sí i kò pọ̀. Ilé-ẹjọ́ tí ó wà ní Èkó gbè wọ́n lẹ́yìn. Olúwa kò gbà. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀, ó sì gbé ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Keje, ọdún 1921, Privy Council, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, dá Olúwa láre, £22,500 sì ni owó tí ìjọba san.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye owó náà ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Ẹ fiyè sí ìdí tí Olúwa fi borí. Viscount Haldane, ẹni tí ó ka ìdájọ́ náà, ṣàlàyé pé ní ilẹ̀ wa, ìdílé tàbí ìlú ni ó ni ilẹ̀. Olóyè ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn ni. Bí a bá pe olóyè ní onílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Kò lè fún àlejò ní ilẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi lọ àwọn àgbà, tí wọ́n sì fi ọwọ́ sí i. Owó tí ìjọba yóò san sì jẹ́ ti gbogbo ìdílé. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ tó: Olúwa gba owó ilẹ̀ pé pérépéré nítorí pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan! Àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé kò yẹ kí ẹni tí ń tọ́jú ohun ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ ẹni tí yóò dá nìkan tà á, tí yóò tún dá nìkan sọ iye rẹ̀.

Ní Àpápá yìí kan náà ni a kọ́ èbúté tí ọkọ̀ ńlá mẹ́rin lè gúnlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó parí ní 1926. Ní 1955 ni Àjọ Èbúté Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Láti ìgbà náà wá, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lórílẹ̀-èdè wa: ti iná mànàmáná, ti omi, ti ilé kíkọ́, ti ilé-ìwòsàn. Ìjọba a máa wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ láti fi sínú ìgbìmọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro sì ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó mọ òwò ni ẹni tí ń ṣe òwò. Jẹ́ kí á ní ọmọ ìgbìmọ̀ èbúté kan ní ẹ̀gbọ́n tí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù. Àjọ fẹ́ gba ọkọ̀ akẹ́rù. Ọkùnrin yìí kò jí kọ́bọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò lórí iye tí àjọ yóò san, ọkàn rẹ̀ kan yóò fẹ́ kí iye náà kéré nítorí ìlú, ọkàn rẹ̀ kejì yóò fẹ́ kí ó pọ̀ nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ olè ni mo ń sọ. Ti olè kò ṣòro. Ọlọ́pàá ni ó ni ín. Ti ẹni rere ni ó ṣòro, n ó sì fi ẹni ńlá kan ṣe àpẹẹrẹ fún yín.

Dókítà Nnamdi Azikiwe ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè gbàgbé fún òmìnira Nàìjíríà. Ní ayé ìgbà náà, àwọn báńkì òyìnbó kì í fẹ́ yá oníṣòwò aláwọ̀ dúdú lówó, Azikiwe sì dá African Continental Bank sílẹ̀. Nígbà tí ó di olórí ìjọba Ìlà-Oòrùn, òun àti àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ní ìpín nínú báńkì náà. Ní 1955, àjọ ìjọba ẹkùn náà tí ń bójú tó owó fi £877,000 ra ìpín nínú báńkì yìí kan náà. Ní 1956, E. O. Eyo, tí ó ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, fẹ̀sùn kàn án. Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Sir Stafford Foster-Sutton, Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ wa nígbà náà, jẹ́ olórí rẹ̀.

Ìwé àbájáde wọn jáde ní Oṣù Kìíní 1957. Àwọn tí ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń mú apá kan nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi apá kejì sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n bá fẹ́. Ẹ jẹ́ kí a mú méjèèjì. Ìgbìmọ̀ náà gbà pé ohun tí ó wà lọ́kàn Azikiwe jù lọ ni kí àwọn ènìyàn ilẹ̀ wa ní báńkì tiwọn tí yóò máa yá wọn lówó. Ó sì tún wí pé ó yẹ kí ó ti jọ̀wọ́ ìpín rẹ̀ ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí owó ìlú wọ báńkì náà, àti pé àìṣe bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìwà tí kò yẹ olórí ìjọba. Èrò rere wà, ẹ̀bi náà sì wà. Azikiwe gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ nínú báńkì náà lé ìjọba Ìlà-Oòrùn lọ́wọ́, ó tú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ká, ó sì borí nínú ìbò Oṣù Kẹta ọdún náà. Àwọn ará ìlú fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ohun tí ìbò ń dáhùn ni ta ni yóò ṣe olórí. Kì í dáhùn bí a ti ṣe tọ́jú owó.

Nísinsìnyí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé apá kan Nàìjíríà ni mo ń bá wí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Títí di ọdún 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ajégúnlẹ̀ wà, Àpápá sì wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Òṣìṣẹ́ èbúté a jí láàárọ̀ lábẹ́ ìjọba tí ó wà ní Ìbàdàn, a sì rìn lọ sí ibi iṣẹ́ lábẹ́ ìjọba mìíràn. Nínú ohun tí ó ń rù wọ inú ọkọ̀ ni àpò kòkó wà. Àjọ tí a ń pè ní Marketing Board ni ó ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀. Iye tí ó ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí ó ń tà á lókè òkun, ó sì ń fi ìyókù pamọ́ de ọdún tí ọjà bá wó. Owó àgbẹ̀ ni, bí àgbẹ̀ kò tilẹ̀ fojú rí i.

Ní 1962, nígbà tí ìjà òṣèlú mú kí ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n ní kí Adájọ́ G. B. A. Coker wádìí àjọ ìjọba mẹ́fà ní ẹkùn náà. Ìgbìmọ̀ Coker rí i pé àjọ kòkó ti yá ilé-iṣẹ́ kan, National Investment and Properties Company, ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Olùdarí mẹ́rin ni ilé-iṣẹ́ náà ní, àgbà ẹgbẹ́ Action Group tí ó ń ṣàkóso ẹkùn náà sì ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀kan nínú wọn, Alfred Rewane, tún ni alága àjọ tí ń mójú tó ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn. Ilé-iṣẹ́ náà sì ń fi owó ńlá ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ kan náà ni ó wà lẹ́yìn ẹni tí ń yáni lówó àti ẹni tí ń yá owó. Àgbẹ̀ Oǹdó tàbí Iléṣà kò sí ní ìdí tábìlì náà rárá.

Òtítọ́ ìtàn kò jẹ́ kí n dúró síbẹ̀. Alátakò Action Group ni ìjọba àpapọ̀ tí ó yan Coker. Ìgbìmọ̀ náà sì di ẹ̀bi ru Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ó dá Olóyè S. L. Akíntọ́lá láre, bẹ́ẹ̀ Akíntọ́lá ni ó ti jẹ́ olórí ìjọba ẹkùn náà láti ìparí 1959. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gba ìdájọ́ náà gbọ́. Ẹ rí i bí àìsàn náà ti ń ràn: àwọn tí ó rán oníwádìí níṣẹ́ ní ire tiwọn nínú àbájáde rẹ̀, ìyẹn nìkan sì tó láti mú kí òtítọ́ tí ó wà nínú ìwé náà fúyẹ́ lójú ayé.

Ẹ ó gbọ́ òwe kan lẹ́nu àwọn ènìyàn bí ẹ bá dàgbà: ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ. Òwe náà dára fún alágbàro, ẹni tí owó ọ̀yà rẹ̀ ti hàn sí gbogbo ènìyàn. Àwọn tí ń pa á fún ọmọ ìgbìmọ̀ ni ó ń ṣì í lò. Wọ́n á tọ̀ ọ́ wá lálẹ́, ìbátan tí ó san owó ilé-ìwé rẹ, ìyá tí ó gbé ọ pọ̀n, wọ́n á ní, “Ìwọ tí o wà nípò, kí ni o ṣe fún wa?” Ìbéèrè yìí ti mú àwọn tí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kò lè mú, nítorí pé ojú ìfẹ́ ni ó fi ń wò wọ́n. Ẹ má ṣe rò pé ó rọrùn láti dá a lóhùn. N kò tíì rí ẹni tí ó dá a lóhùn tí kò pàdánù ọ̀rẹ́ kan tàbí méjì.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá yẹra kì í fi gbogbo ìgbà pàdánù. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣe ọ̀gá, ìgbìmọ̀ àwọn òbí fẹ́ ra àga àti tábìlì. Káfíńtà ni ọ̀kan nínú wọn, kò sì sí ẹni tí ó mọ igi jù ú lọ ní àdúgbò. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó dìde, ó ní, “Ọ̀gá, mo fẹ́ iṣẹ́ yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n jáde.” A béèrè iye lọ́wọ́ káfíńtà mẹ́ta, tirẹ̀ wà láàárín. Àwọn tí ó kù yan òun nítorí dídára iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹlòmíràn wá yẹ àwọn àga náà wò kí a tó sanwó. Kò sí òbí kan tí ó kùn.

Ohun tí káfíńtà yẹn ṣe láìka ìwé òfin ni òfin Nàìjíríà ń béèrè lónìí. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1979 ni ó kọ́kọ́ fi ìlànà ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lélẹ̀, ti 1999 sì tún un sọ nínú Àfikún Karùn-ún: òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ sí ipò tí ire ara rẹ̀ yóò ti máa bá iṣẹ́ rẹ̀ jà. Ó kan alága àti ọmọ ìgbìmọ̀ àwọn àjọ ìjọba pẹ̀lú, wọ́n sì gbọdọ̀ kọ gbogbo ohun ìní wọn sílẹ̀ fún ìjọba.

Kò dára kí a dúró títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé ilé-ẹjọ́. Ní Oṣù Kẹwàá 2009, ilé-ẹjọ́ gíga ní Èkó rán alága àná Àjọ Èbúté àti àwọn márùn-ún mìíràn lẹ́wọ̀n lórí ẹ̀sùn pé wọ́n gé iṣẹ́ àgbàṣe sí wẹ́wẹ́. Ní Oṣù Kejìlá 2013, Ilé-Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ fagi lé ìdájọ́ tí a ṣe fún alága náà, ó dá a sílẹ̀. Òfin ìgbaṣẹ́fúnni ti 2007, tí ó ka gígé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, kò tíì sí nígbà tí ìgbìmọ̀ náà wà lórí oyè. Ìdí nìyí tí mo fi ka ohun tí a ń ṣe nínú yàrá ìpàdé sí ju ohun tí a ń ṣe nínú ilé-ẹjọ́ lọ.

Ohun tí a ń ṣe níbẹ̀ kò gùn. Kí ìpàdé tó wọ ọ̀rọ̀ náà, alága a béèrè bóyá ẹnì kan ní ire tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní in a sọ ọ́ ní gbangba: “Ilé-iṣẹ́ àbúrò mi wà lára àwọn tí ń béèrè iṣẹ́ yìí.” Akọ̀wé a kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ìgbìmọ̀ náà a kó ìwé rẹ̀, a jáde, a sì jókòó síta. Kì í dá sí ọ̀rọ̀ náà, kì í sì í dìbò. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, wọn a ránṣẹ́ pè é, akọ̀wé a sì kọ aago tí ó jáde àti aago tí ó padà wọlé.