Òṣíbàtà Ní Gbòǹgbò: Ìbéèrè Ọmọ Badia Kan

 

Ó ku ọdún díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, mo bi kíláàsì kan léèrè ohun tí àwọn àgbà ní lọ́kàn tí wọ́n fi ń sọ pé, “Ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò.” Gbogbo wọn ló mọ àdúrà náà. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ká borí ọ̀tá. Ọmọkùnrin kan tó ń ti Ìjọrà Badia wá bá nawọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá jẹ́ ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, kí ló dé tí wọ́n fi dárúkọ ewé méjì?” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹwà èdè lásán ni. Ìdáhùn ọ̀lẹ ni mo fún un. Ẹ jẹ́ kí n san gbèsè yẹn lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ewé méjèèjì. Ojúoró kéré, ó ká jọ bí ẹ̀fọ́, ó sì jókòó sórí omi. Gbòǹgbò rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rárá. Ńṣe ló rọ̀ dirodiro nínú omi. Ibi tí atẹ́gùn bá gbé e lọ ló ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewéko tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, àlejò láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ṣe gba ọ̀nà omi Port Novo wọ Àgbádárìgì lọ́dún 1984, tí kò sì pẹ́ tó fi bo ojú ọ̀sà mọ́ àwọn apẹja lójú. Ohun tí ilẹ̀ kò dì mú, ìrìn kì í ṣòro fún un.

Òṣíbàtà kò rí bẹ́ẹ̀. Ewé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lójú omi bí àwo, ṣùgbọ́n ọ̀pá gígùn kan so ewé náà mọ́ iṣu tó wà nínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú kí omi fà, ewé lè kú, iṣu á wà níbẹ̀. Bí òjò bá padà, á tún hù. Tiwa yìí ni Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, sọ ní Nymphaea lotus lọ́dún 1753. Òdòdó rẹ̀ funfun, àárín rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, alẹ́ ló sì máa ń là.

Ó ní ìbátan kan ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Nuphar. Àwọ̀ ìyeyè ni gbogbo òdòdó tirẹ̀. Lára ìbátan yìí ni J. W. H. Dacey ti rí ohun ìyanu kan, tó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 1980. Kò sí atẹ́gùn nínú ẹrẹ̀. Àwọn ewé ọ̀dọ́ ló ń fa atẹ́gùn wọlé lókè, atẹ́gùn náà á gba inú ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀ dé iṣu, á sì gba inú àwọn ewé àgbà jáde. Ewé kan ṣoṣo lè fa atẹ́gùn tó lítà 22 wọlé lóòjọ́. Ẹ ò rí i pé èyí tó wà lókè ló ń bá èyí tó wà nísàlẹ̀ mí.

Àwọn baba wa ò ní ẹ̀rọ Dacey, ṣùgbọ́n wọn ò fi ewé kan pe èkejì. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil pàápàá gbé orúkọ méjèèjì dání. Títí di òní, nínú ẹ̀sìn Candomblé, ojuorô wà lọ́tọ̀, oxibatá wà lọ́tọ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń lékè: ọ̀kan léfòó nítorí pé kò sí ohun tó dì í mú, èkejì léfòó síbẹ̀ ó di ilẹ̀ mú.

Kí wá ni èyí kan Badia sí? Ó kàn án dáadáa. Ilẹ̀ àbàtà ni Badia, nítòsí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. Lọ́dún 1973, ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kọ́ Tíátà orílẹ̀-èdè sí Ìgánmú, èyí tí wọ́n lò fún FESTAC lọ́dún 1977. Abúlé kan wà níbẹ̀, Olúwolé lorúkọ rẹ̀. Wọ́n kó àwọn ará abúlé náà kúrò, wọ́n sì fún àwọn kan lára wọn nílẹ̀ ní Badia. Ẹ fiyè sí i dáadáa: ìjọba ló gbé wọn síbẹ̀. Àbàtà ni wọ́n sì bá. Ẹni tó bá mọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ l’Ékòó mọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀: yẹ̀pẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó, pàǹtí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dà sómi kí ẹsẹ̀ tó lè rí ibi tẹ̀.

Ní October 2003, katakata wó ilé níbẹ̀. Lọ́dún 2006, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ àtúnṣe ní Èkó, Badia sì wà lára àdúgbò mẹ́sàn-án tí wọ́n ní àwọn máa tún ṣe. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2013, katakata tún dé, Badia East ló kàn. Amnesty International kọ ọ́ pé ó kéré tán ilé 266 ló wó, àwọn tó pàdánù ibùgbé tàbí ibi iṣẹ́ sì sún mọ́ 9,000. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní ààtàn ni ibẹ̀, pé ilé ìgbàlódé ni àwọn fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fún àwọn kan lówó ìrànwọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, wọ́n tún padà wá wólé.

Èmi ò ní parọ́ fún yín pé àbàtà dùn ún gbé. Àgbàrá ń wọlé, ẹ̀fọn ń jẹni, ìjọba tó bá sì fẹ́ tún irú ibẹ̀ ṣe kò ṣẹ̀. Ibi tí mo ti ń bá wọn jà ni ọ̀rọ̀ “ààtàn” yẹn. Ojú ojúoró ni wọ́n fi wo àwọn èèyàn náà: ohun tí omi gbé wá, tí èèyàn lè fi ọ̀pá tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ó ti pé 40 ọdún nígbà náà tí ìjọba ti fúnra rẹ̀ gbìn wọ́n síbẹ̀. Wọ́n ti bímọ níbẹ̀, wọ́n ti sin òkú wọn, àwọn tí ìlẹ̀kẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì so mọ́ Àpápá kò kéré. Òṣíbàtà ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí òṣíbàtà nípò ní láti wa ẹrẹ̀ dé ibi tí iṣu rẹ̀ wà. Tí kò bá wà á dáadáa, ó kàn ń já ewé lásán ni.

Ọmọ Badia yẹn, níbikíbi tó bá wà lónìí, ìdáhùn tó yẹ kí n ti fún un nìyí.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún ní Olúwolé lọ́dún 1973 ti lé ní 70 báyìí. Tí irú wọn bá wà nílé yín, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n bí abúlé náà ṣe rí, ta ni aládùúgbò wọn, irú ewé tó ń hù létí omi wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́, kí ọ̀la má baà jẹ́ pé ìwé àwọn tó wólé nìkan la máa rí kà.