Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹ̀kọ́ láti ọjà Ejìnrìn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, olùkọ́ ni púpọ̀ nínú yín lónìí, ẹjọ́ kan náà lẹ sì máa ń mú wá bá mi: ọmọ girama á rí ìdáhùn, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní, "Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?", ẹnu ẹ̀ á wọhò. Lọ́dún 1979, John Flavell, onímọ̀ ìrònú ọmọ ènìyàn ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ lórí ohun tó pè ní metacognition, ìyẹn ni pé kí ènìyàn máa ṣọ́ ìrònú ara rẹ̀ bó ṣe ń rò ó lọ. Orúkọ yẹn ló jẹ́ tuntun; iṣẹ́ náà ti pẹ́ létí ọ̀sà wa.

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní ogun Ìmàgbọn lọ́dún 1892, Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí àlejò gba ilẹ̀ wọn kọjá wẹ́rẹ́. Ejìnrìn wà lára ọjà etí ọ̀sà tí oníṣòwò Èkó ti ń fi ọkọ̀ ojú omi wá pàdé wọn. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná: ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá (2,000), ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan (20,000).

Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ìjọ CMS, ṣàlàyé ní 1887 bí wọ́n ṣe ń kà á. Olùkawó á da àpò sílẹ̀, á máa fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún títí yóò fi pé ogún. Ogún márùn-ún á di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì á di igba. Lójú Mann, ibẹ̀ ni orúkọ iye wa ti ṣẹ̀.

Ẹ wo 45, márùndínláàádọ́ta. Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Yọ mẹ́wàá, ó di àádọ́ta. Yọ márùn-ún, o ti dé ibẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì gba ibòmíràn: ogójì, kí a fi márùn-ún lé e. Ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá rìn ín ti rí i pé ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ.

Ohun tí mo ń rọ̀ yín sí nìyí. Kí ọmọ tó fọwọ́ kan bírò, kó fojú díwọ̀n ibi tí ìdáhùn máa bọ́ sí, kó sì sọ ọ̀nà tó fẹ́ gbà. Tó bá dé àárín, kó bi ara rẹ̀ bóyá ọ̀nà náà ṣì dáa. Tó bá parí, kó gba ọ̀nà kejì yẹ̀ ẹ́ wò, bí ọlọ́jà tó ń tún owó kà. Kó ṣe é ní Yorùbá, kó tún ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹnìkan á ní Yorùbá á dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti dá a lóhùn: ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Mo ń pàdé ọmọ girama tí ò lè ka iye kọjá ogún ní Yorùbá mọ́. Bí orúkọ iye bá kú lẹ́nu wọn, ọ̀nà kejì ti dí nìyẹn. Ẹni tó sì mọ ọ̀nà kan ṣoṣo kì í tètè mọ ìgbà tó ṣìnà.