Ọjọ́ Kejìlá Oṣù Òkúdù: Ọjọ́ Tí Àwọn Orílẹ̀-Èdè Padà Wá Mú

Bí a bá dárúkọ ọjọ́ kejìlá oṣù Òkúdù ní ilẹ̀ Yorùbá, olóògbé MKO Abíọ́lá ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn oníkálukú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà nìkan kọ́ ni ọjọ́ náà ṣe pàtàkì fún.

Ní ọjọ́ yìí, ọdún 1929, ni wọ́n bí Anne Frank, ọmọ Júù, ní ìlú Frankfurt lórílẹ̀-èdè Jámánì. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ní 1942, wọ́n fún un ní ìwé kan lẹ́bùn, ó sì ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sínú rẹ̀. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí òun àti ẹbí rẹ̀ fi sá pamọ́ ní Amsterdam nítorí ìjọba Hitler. Àgọ́ ìfìyàjẹni Bergen-Belsen ló kú sí ní 1945, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bàbá rẹ̀ nìkan ló yè nínú ìdílé náà, òun ló sì jẹ́ kí wọ́n tẹ ìwé náà jáde ní 1947.

Ọjọ́ yìí kan náà, ní 1964, ni adájọ́ kan ní Pretoria rán Nelson Mandela àti àwọn méje mìíràn lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ọdún 1990 ni Mandela tó jáde. Ní oṣù Èbìbí 1994, ó di ààrẹ Gúúsù Áfríkà.

Èyí tí ó jọ tiwa jù lọ ni ti orílẹ̀-èdè Philippines. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Òkúdù 1898, Emilio Aguinaldo kéde ní ìlú Kawit pé àwọn ti gba òmìnira kúrò lọ́wọ́ Sípéènì. Kí ọdún náà tó parí, Sípéènì ti fi ilẹ̀ wọn lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́, Amẹ́ríkà sì san ogún mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tí Amẹ́ríkà yóò fi wọ́n sílẹ̀ ní 1946, ọjọ́ kẹrin oṣù Agẹmọ, tí í ṣe àyájọ́ òmìnira Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ló mú fún wọn. Ọjọ́ yìí ni wọ́n ń ṣe títí di 1962, tí Ààrẹ Diosdado Macapagal fi dá àyájọ́ náà padà sí ọjọ́ kejìlá oṣù Òkúdù.

Ẹ wá wo tiwa. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta náà ní 1993, Abíọ́lá ti ẹgbẹ́ SDP àti Bashir Tofa ti NRC ló jọ díje. Mùsùlùmí ni Abíọ́lá, Mùsùlùmí ni Babagana Kingibe igbákejì rẹ̀, síbẹ̀ tòkèlé-tomi ló dìbò fún wọn. Kódà Abíọ́lá borí ní Kánò tí í ṣe ìpínlẹ̀ Tofa. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù náà, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida wọ́gi lé ìbò ọ̀hún. Wọ́n mú Abíọ́lá ní 1994 lẹ́yìn tí ó kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, l'Ékòó. Wọ́n yìnbọn pa Kudirat ìyàwó rẹ̀ ní 1996. Òun náà kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ keje oṣù Agẹmọ 1998.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Èbìbí ni ìjọba àpapọ̀ fi ń ṣe àyájọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa, nítorí ọjọ́ náà ni àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1999. Ní 2018 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé àyájọ́ náà yóò kúrò níbẹ̀, a sì kọ́kọ́ ṣe é ní ọjọ́ kejìlá oṣù Òkúdù ní 2019.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ọjọ́ wọ̀nyí kò kéré. Èyí tí Philippines kọ̀ sílẹ̀ àti èyí tí àwa náà kọ̀ sílẹ̀, ọjọ́ tí ẹni tó di agbára mú yọ̀ǹda rẹ̀ ni. Èyí tí a mú, ọjọ́ tí ará ìlú sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ni. Nítorí náà, bí ọmọ bá bi wá ní ọjọ́ náà pé kí ló dé tí kò sí ilé ìwé, kí a má kàn sọ fún un pé ìjọba ló fún wa ní ìsinmi. Kí a sọ fún un pé àwọn òbí àti òbí àgbà rẹ̀ tò lórí ìlà láti dìbò, wọ́n gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn kan sì kú kí ọjọ́ náà má baà di ìgbàgbé.