Kí Ni Kí Ó Ṣáájú? Ìjọba, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1954 di 2020



Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni mo ń ṣe. N kì í ṣe onímọ̀ ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́ kò lè ṣe kí ó má bá ìtàn pàdé lọ́nà, nítorí pé inú ọ̀rọ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń fi ìtàn wọn pamọ́ sí. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí. Èkíní ni iṣẹ́ ọba, èkejì ni iṣẹ́ ìlú.

Bí àgbẹ̀ ilẹ̀ wa bá pe nǹkan ní iṣẹ́ ọba, ohun tí ó ń wí ni pé nǹkan náà kì í ṣe tirẹ̀. Yorùbá ní iṣẹ́ ọba, a kì í làágùn ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá di iṣẹ́ ìlú, bí ọ̀nà odò bá fẹ́ títúnṣe tàbí tí ọjà bá fẹ́ gbígbá, ìtìjú ni fún ẹni tí kò bá yọjú pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé e. Láagùn kan náà ni ó wà nínú iṣẹ́ méjèèjì. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ẹni tí ó pinnu pé kí á ṣe é.

Láti bí ọdún àádọ́rin sẹ́yìn, gbogbo ẹni tí ó ti jókòó ní Ìbàdàn láti ṣe ìjọba lé wa lórí ni ó ti ń sọ fún wa pé ìránṣẹ́ ará ìlú ni òun. Èmi kò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ni pé, kí ni ó fà á tí ará ìlú fi gba iṣẹ́ àwọn kan nínú wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìlú, tí ó sì jẹ́ pé iṣẹ́ ọba ni wọ́n pe tàwọn mìíràn? Ìlú méjì tí mo mọ̀ jù ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ: Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀yọ́ ní 1954

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ gba ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n pinnu pé gbogbo ọmọ ni yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsan owó. Kò sí ẹni tí ó lè sọ lónìí pé ìpinnu yìí kò dára. Ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1955 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì fò láti nǹkan bí 456,000 ní 1954 sí ohun tí ó lé ní 811,000 lọ́dún náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kan kò sí tí ẹnì kan kò san owó rẹ̀. Ìjọba bu owó-orí pàtàkì lé àwọn ènìyàn, ṣílè mẹ́wàá àti sísì, nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àgbẹ̀ tí kò tíì rí ilé ẹ̀kọ́ kankan rí àkódà tí ń gba owó. Ní Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ owó-orí yìí bọ́ sínú ìjà mìíràn tí ó ti wà nílẹ̀. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ tuntun ti gbé agbára lé àwọn ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn lọ́wọ́. Olóyè Bọ̀dé Thomas, tí ó jẹ́ Balógun Ọ̀yọ́, kò sì gbọ́ ara wọn yé pẹ̀lú Aláàfin Adéyẹmí Kejì. Ẹgbẹ́ Ọ̀yọ́ Parapọ̀ dúró ti Aláàfin, wọ́n sì bá Ẹgbẹ́ Alákùkọ ṣe. Ní oṣù kẹsàn-án 1954, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìgboro Ọ̀yọ́, ẹ̀mí ènìyàn sì bá a lọ. Ìjọba ní kí Aláàfin kúrò ní ìlú. Kò padà sórí ìtẹ́ mọ́ títí ó fi wàjà.

Ní ọdún 1954 náà ni wọ́n dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀. Nínú ìjókòó 42 tí ó jẹ́ ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, Ẹgbẹ́ Alákùkọ mú 23. Ẹgbẹ́ tí ó ń gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bọ̀ wá fún àwọn ènìyàn ni àwọn ènìyàn náà fi ìdí rẹ̀ bọlẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ti wọlé ẹ̀kọ́ tí òbí sì fojú rí i, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 1956 Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ wọlé padà ní ẹkùn náà. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí a rí kọ́ nìyí: ire tí a kò tíì fojú rí, gbèsè ni lójú ẹni tí a ní kí ó sanwó rẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1969

Ìyá mi kì í sọ pé ọdún 1969 ni àwọn bí mi. Ọdún ìjà owó-orí ni wọ́n máa ń wí.

Ológun ni ó ń ṣe ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ sì ni gómìnà. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, owó kò sí. Láti ìparí 1968 ni àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko Ìbàdàn ti gbéra lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà. Ohun tí wọ́n ń kùn sí pọ̀: owó kòkó kéré, owó-orí wúwo, àwọn àkódà ń lù wọ́n, ọ̀nà abà ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ tí a dìbò yàn tí wọ́n lè lọ fi ẹjọ́ sùn. Ọgbọ̀n ṣílè, èyíinì ni òkè mẹ́fà, ni wọ́n ní àwọn lè san. Gómìnà yan ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Ayọ̀ọlá ṣe alága rẹ̀. Wọ́n dín owó náà kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn.

Ìlú tiwa kì í ṣe ilẹ̀ kòkó. Iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni bàbá mi ń gbìn ní abà wọn lápá ọ̀nà Ìkòyí, ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti rìnrìn-àjò lọ ṣòwò ní Òkè Ọya àti ní Gánà. Síbẹ̀, iná náà ràn dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù keje 1969, àwọn tí inú ń bí ya bo ààfin, wọ́n sì pa Ṣọ̀ún, Ọba Ọlájídé Ọláyọdé. N kò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí kí ara mi má bù máṣọ. Ọba kọ́ ni ó bu owó-orí. Ìbàdàn ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n òun ni ó wà nítòsí. Nígbà tí ìlú kò bá rí ẹni tí ó pàṣẹ, ẹni tí ó jíṣẹ́ ni ìyà máa ń jẹ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Olóyè Awólọ́wọ̀ bá Tàfá Adéoyè àti àwọn olórí Àgbẹ́kọ̀yà jókòó, ìjọba sì gbà kí owó-orí di £2. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé £2 ju ọgbọ̀n ṣílè tí àwọn àgbẹ̀ ń béèrè lọ. Wọ́n gbà á. Èrò mi ni pé ìjókòó náà ní ipa tirẹ̀ nínú ìgbà tí wọ́n gbà á: ẹnì kan wá bá wọn, ó sì gbọ́ tẹnu wọn.

Gómìnà Ìgè àti bàbá mi

Ní oṣù kejì 1976 ni wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi jẹ́ ọ̀kan. Lọ́dún kan náà ni ìjọba àpapọ̀ tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ tò, tí ó di ẹsẹ̀ kẹta ìjọba, tí wọ́n sì ní kí owó máa tọ̀ ọ́ lọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1979, Olóyè Bọ́lá Ìgè, agbẹjọ́rò, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, di gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìpínlẹ̀ náà tóbi nígbà náà. Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà àti Òṣogbo ni wọ́n jọ wà nínú rẹ̀.

Ohun mẹ́rin ni Ẹgbẹ́ U.P.N. ṣe ìlérí rẹ̀: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko, àti iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Bí a bá wò ó dáadáa, èrò kan ni ó so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Èrò náà ni pé ènìyàn ni kí ìjọba wò, kí ó má wo ìlú. Ọmọ Ọ̀yọ́ kò gbọdọ̀ ní ju ọmọ abúlé kékeré kan lẹ́bàá odò lọ.

Bàbá mi kò béèrè ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ gómìnà. Ọ̀nà ni wọ́n fẹ́. Bí òjò bá rọ̀, mọ́tò kì í lè dé abà. Iṣu a jókòó títí yóò fi jẹrà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé owó ilé ẹ̀kọ́ girama ti di ọ̀fẹ́, ohun tí wọ́n sọ kò kúrò létí mi dòní: "Ìjọba yìí gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ẹlòmíràn ni."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti parí ìwé mẹ́fà ní 1976. Kò sí owó. Ó gbé ọkọ́, ó bá Bàbá lọ sóko. Èmi parí tèmi ní 1980, mo sì wọ ilé ẹ̀kọ́ girama láìsan kọ́bọ̀. Ọdún mẹ́rin péré ni ó wà láàrin wa. Ẹ̀gbọ́n mi kò gọ̀ jù mí lọ. Ẹni tí ó bá mọ̀ wá yóò sọ fún yín pé òun ni ó lórí ìṣirò nínú wa. Àsìkò ni ó yà wá. Bí gómìnà bá ti ṣe ohun tí bàbá mi fẹ́, ó ṣeé ṣe kí iṣu wa dé ọjà, ṣùgbọ́n èmi kì bá tí dúró níwájú yín lónìí.

Nítorí náà n kò lè bá àwọn tí ó sọ pé ohun tí ìlú bá fẹ́ ni kí gómìnà ṣe, kò tán síbẹ̀, ṣe. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kì í bá àwọn àgbà tẹ̀lé aṣojú ìlú lọ sí Agodi láti sọ tẹnu rẹ̀. Ẹnì kan ní láti bá a sọ ọ́. Àmọ́ bàbá mi náà kò jẹ̀bi. Ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ sí i kánkán ju bí iyàrá ìkàwé àti olùkọ́ ti ń pọ̀ sí i lọ. Nígbà tí owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ láti 1981, ọwọ́ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kò tó ẹnu mọ́. Ìgè kúrò lórí àga ní 1983. Lẹ́yìn tí ológun padà dé, owó ilé ẹ̀kọ́ padà dé pẹ̀lú wọn. Ọ̀nà abà ṣì wà bí ó ti wà.

Ọmọ wa ni, tàbí ìránṣẹ́ wa ni?

Àpẹẹrẹ ìkẹyìn ni yunifásítì tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1990, gómìnà ológun, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Sasaeniyan Ọ̀rẹ́sanyà, bu ọwọ́ lu òfin tí ó dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́sanyà kì í ṣe ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jáde ní oṣù kẹjọ 1991, ilé ẹ̀kọ́ náà di ti ìpínlẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì fi orúkọ Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá sọ ọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ṣe olórí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn títí wọ́n fi pa á ní 1966.

Yorùbá ní àpapọ̀ ọwọ́ la fi ń gbẹ́rù dórí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí olówó ẹrù méjèèjì bá ń lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ọgbà yunifásítì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Òṣogbo nígbà náà. Nígbà tí Olóyè Adébáyọ̀ Àlàó-Akálà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an, ń ṣe gómìnà láàrin 2007 àti 2011, àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó ni ín le débi pé ó dé ilé ẹjọ́. Inú àwọn ará ilé dùn sí ohun tí ó ṣe fún ìlú. Àwọn ará ìta sì ń bèèrè bóyá ìpínlẹ̀ ni ó ń sìn tàbí ilé bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń wo ojú èkejì kí ó tó sanwó. Ní 2016 àti 2017, ìyanṣẹ́lódì tìtorí owó oṣù ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní oṣù kọkànlá 2020 ni Ọ̀ṣun yọwọ́, tí ó di ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan, nígbà tí Ṣèyí Mákindé, ọmọ Ìbàdàn, jẹ́ gómìnà.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ẹni tí ó bu ọwọ́ lu òfin ilé ẹ̀kọ́ náà, àlejò ni. Ẹni tí ó wà lórí àga nígbà tí ọ̀rọ̀ níní rẹ̀ parí, ọmọ ìlú mìíràn ni. Gbólóhùn tí a fẹ́ràn jù nígbà ìdìbò, pé ọmọ wa ni, kò ṣàlàyé ìtàn yìí.

Ìkádìí

Kí wá ni kí ó ṣáájú? Ìtàn tí a ti ń sọ bọ̀ kò fún wa ní ìdáhùn kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó fi ohun mẹ́ta hàn wá. Àkọ́kọ́, ìpinnu rere tí a kò bá ará ìlú sọ lè dá ìjà sílẹ̀ bí ìpinnu búburú. Ọ̀yọ́ ní 1954 ni ẹ̀rí. Èkejì, ìlú tí kò ní ọ̀nà tí yóò fi bá ìjọba sọ̀rọ̀ yóò wá ẹni tí ó súnmọ́ ọn lù. Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1969 ni ẹ̀rí, ìtìjú wa sì ni títí ayé. Ẹ̀kẹta, ohun tí ìlú ń béèrè kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ohun tí ẹni tí ó kéré jù nínú ìlú nílò. Èmi fúnra mi ni ẹ̀rí.

Gómìnà tí ó bá fẹ́ kí á pe iṣẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ ìlú gbọ́dọ̀ lè dúró níwájú bàbá mi, kí ó sọ fún wọn pé, "Baba, mo gbọ́ ohun tí ẹ wí nípa ọ̀nà. Owó kò tó méjèèjì. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ fi ṣáájú, ìdí rẹ̀ nìyí, ìgbà tí ọ̀nà yóò kàn nìyí." Bàbá mi ìbá jiyàn. Wọ́n ìbá tún jiyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n wọn kì bá tí sọ pé ẹ̀bẹ̀ ẹlòmíràn ni ìjọba gbọ́.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣì ń roko. Nígbà tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé, òun ni ó gbé iṣu tí a fi ṣe àlejò wá láti abà. Ọ̀nà ọ̀hún náà ni ó gbà wá, òjò sì rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó dé nígbà tí àlejò ti ń túká.