Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Dáàbò Bo Fáìlì Ìpìlẹ̀ Rẹ̀

Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ètò tí ń darí rẹ̀, irú bíi Windows. Bí fáírọ́ọ̀sì bá pa fáìlì ìpìlẹ̀ ètò náà rẹ́, kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ mọ́.

Láti ìgbà tí Windows Vista ti dé ọjà ní ọdún 2007, TrustedInstaller ni Microsoft fi ṣe olówó àwọn fáìlì wọ̀nyí. Ẹni tó ra kọ̀ǹpútà gan-an kò lè ṣàdédé pa wọ́n rẹ́. Agbára fáírọ́ọ̀sì kì í sì í sábà ju ti ẹni tó ṣí i lọ. Ìdí nìyí tí Windows fi ń béèrè ìyọ̀ǹda kí àyípadà ńlá tó wáyé. Apple fi irú ààbò bẹ́ẹ̀ sínú Mac ní ọdún 2015.

Ṣùgbọ́n ààbò yìí kò kan ìwé àti àwòrán yín. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, WannaCry wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 káàkiri àgbáyé. Ó fi Windows sílẹ̀, ó ti àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn pa, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde láti oṣù Kẹta. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀.

Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Igbókọ̀dá àti ní gbogbo etí omi Ìlàjẹ pé kí ẹ máa gba àtúnṣe lásìkò, kí ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìyọ̀ǹda tí ẹ kò kà, kí ẹ sì máa ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín sórí fílàṣì tí ẹ óò yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà.