Ta Ni Wọ́n Ń Pè Ní Ọmọ Onílé? Ọ̀nà Àwọn Ọmọ Wa sí Ẹ̀kọ́ Òfin

Bí èsì ìdánwò bac bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí ní Alafiarou máa ń bi àwa olùkọ́: bí ọmọ bá fẹ́ di agbẹjọ́rò, níbo ni yóò ti kọ́ ọ, ta ni yóò sì san owó rẹ̀? Ìbéèrè náà ti pẹ́ ju bí wọ́n ti rò lọ.

Ní ìgbà ìjọba Faransé, kò sí ibi tí a ti lè kọ́ ẹ̀kọ́ òfin dé òpin ní Dahomey. Ọkọ̀ ojú omi ni ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti wọ̀. Kojo Tovalou Houénou, tí a bí ní Àjàṣẹ́, kọ́ òfin ní Bordeaux, ó sì di agbẹjọ́rò ní Paris ní ọdún 1911. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ńlá ni baba rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1879. Ẹni tí baba rẹ̀ ń kọ ebè iṣu ní agbègbè wa, kí ni yóò fi san owó ọkọ̀?

Ọ̀nà kúrú díẹ̀ nígbà tí yunifásítì Dakar bẹ̀rẹ̀ ní 1957. Owó bourse ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Dahomey fi ń jẹun níbẹ̀. Àmọ́ ilé onílé ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba Senegal ti yunifásítì pa, ó sì dá àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn padà sí orílẹ̀-èdè wọn. Àwọn ọmọ wa wà nínú wọn. Ó yà wá lẹ́nu pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ó wà lára ohun tó jẹ́ kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan wá yunifásítì tirẹ̀. Láti 1965 ni Dahomey àti Togo ti jọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan: ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì wà ní Àjàṣẹ́, ẹ̀ka lítíréṣọ̀ wà ní Lomé. Ní 1970, wọ́n pín in, oníkálùkù sì kọ́ tirẹ̀. Ní 2001, yunifásítì Parakou dé, a sì ń kọ́ òfin níbẹ̀. Ọmọ Alafiarou lè lọ forúkọ sílẹ̀ kí ó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò tíì gbọ́ ni ìlànà tí UEMOA ṣe ní 2005. Ó ní kí àwọn yunifásítì ìjọba ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ inú ẹgbẹ́ náà má ṣe gba owó lọ́wọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ wọn ju èyí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tiwọn lọ. Nípa ti owó ìforúkọsílẹ̀, ọmọ wa ti di ọmọ onílé ní Lomé, ní Ouagadougou, àti ní Dakar tó lé wa ní 1968. Ọ̀rọ̀ bourse yàtọ̀ o: ìlànà náà kò ní kí ìjọba kan máa bọ́ ọmọ ìjọba kejì.

Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò sí nínú UEMOA. Àwọn ìbátan wa tó wà ní Ṣakí, tí a jọ ń sọ èdè kan, àlejò ni wọ́n nínú ìwé Parakou. Ọmọ Ifẹ̀ láti Atakpamé kì í ṣe àlejò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ wa yóò ṣe jẹ́ àlejò ní Ìbàdàn. Àwọn ará ibẹ̀ pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà ló ń gba owó tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ náà. Yorùbá láti Ọ̀yọ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ di àlejò láàárín Yorùbá.

Owó nìkan kọ́. Òfin Faransé ni ìpìlẹ̀ ohun tí a ń kọ́ ní Parakou, ti Gẹ̀ẹ́sì ni ti Nàìjíríà. Ẹni tó gba licence, tó tẹ̀síwájú títí ó fi di agbẹjọ́rò ní Kútọnu, lè dúró níwájú adájọ́ ní Lomé. Bí ó bá fẹ́ dúró níwájú ti Ìbàdàn, ó ní láti kọ́kọ́ kọ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó lè kan ìlẹ̀kùn Law School ti Nàìjíríà.